Ta Ni Ọkọ̀ Ogun Ń Ṣọ́ Létíkun Awóyè?

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ fi kún owó àwọn ológun ojú omi, Àbújá àti Èkó ni ariwo náà ti máa ń wá. Àwọn tó ni ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ilé-iṣẹ́ epo, àwọn onímọ̀ ètò ààbò, àwọn ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ni yóò sọ tẹnu wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Awóyè nílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Òǹdó, bẹ́ẹ̀ òkun ni àwọn kọ́kọ́ ń rí tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ohun tí mo ń jiyàn lé lórí níhìn-ín ni pé owó àti ọkọ̀ nìkan kò lè sọ ológun ojú omi di alágbára. Àwọn aráàlú tó wà létí omi gbọ́dọ̀ gbà pé tiwọn ni, wọn kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá rí i pé ẹja wọn, ẹ́ńjìnnì wọn àti ẹ̀mí wọn wà lára òwò tí ọkọ̀ ogun ń ṣọ́. Ìtàn etíkun Ìlàjẹ, láti ayé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, títí di òní, ni mo fi ṣe ẹ̀rí.

Ká kọ́kọ́ mọ irú etíkun tí à ń sọ. Láti Èkó wá, iyanrìn ni etí òkun títí kọjá Lẹ́kí. Bí a bá ti wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ díẹ̀, iyanrìn á dópin, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ rírọ̀ tó lọ títí dé ẹnu Odò Benin. Awóyè wà lápá ìlà-oòrùn ẹrẹ̀ yìí, ó kọjá Ayétòrò tí àwọn Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Orí òpó igi ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, afárá pákó ló ń gbéni láti ilé dé ilé, iṣẹ́ tí ọ̀kadà ń ṣe nílùú òkè, ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe é níbẹ̀. Ẹrẹ̀ náà ń pa agbára ìgbì, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, òwò òkun ibẹ̀ kì í ṣe ti kọ̀ǹtánà àti kéréènì. Àwọn obìnrin ni yóò tẹ́ edé sórí àtẹ wáyà, tí wọn óò koná sábẹ́ rẹ̀, tí èéfín óò máa gbá a títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọn á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ àti àpò, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á gbé e gba inú odò dé ọjà Ìgbókòdá, mọ́tò á gbà á níbẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa, Òǹdó àti Àkúrẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀fọ́ rírò tí edé pọ̀ nínú rẹ̀ l'Ákùúrẹ́, òwò òkun ló jẹ yẹn, bí kò tilẹ̀ fojú kan òkun rí.

Kí ọkọ̀ oníná àwọn òyìnbó tó dé, ọ̀sà tó na tàntàn láti Àgbádárìgì dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Máhìn nílẹ̀ Ìlàjẹ ni títì òwò gbogbo agbègbè yìí. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ló ń kó epo pupa, iyọ̀, aṣọ àti ẹrú, òun kan náà ni wọ́n sì fi ń jagun. Kò sí ààlà láàárín ọkọ̀ òwò àti ọkọ̀ ogun. Ọba tó bá ní atukọ̀ púpọ̀ ló ní ọjà. Ní 1784, àwọn ọkọ̀ Èkó lọ gbéjà ko Àgbádárìgì, ọjà ni wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 1851, ẹni tó ní ìbọn ńlá lórí ọkọ̀ wá fi ara hàn: àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá lé Èkó lórí, Kòsọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó bọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin náà kò tíì tán nínú eré. Láti Ẹ̀pẹ́ ló ti ń dí ọ̀nà ọ̀sà mọ́ Èkó lọ́wọ́, títí tí kọ́ńsù Benjamin Campbell fi lọ bá a ṣe àdéhùn ní 1854. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gba Èkó mọ́, òun sì ti fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Palma, létí òkun lápá Lẹ́kí, ni èbúté rẹ̀, àti pé ó lè gba owó bodè lórí ẹrù tó bá ń jáde níbẹ̀. Ọba tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ tún di ẹni tó ní èbúté, kì í ṣe nítorí àánú, bí kò ṣe pé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń dẹ́rù ba àwọn oníṣòwò. Ní 1863, nígbà tí Kòsọ́kọ́ ti padà sí Èkó, tí kò sì sí ogun kankan lórí omi tó lè dá wọn dúró mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Palma àti Lẹ́kí mọ́ Èkó tó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ló fòpin sí òwò ẹrú. Òótọ́ ni, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ bò ó. Láti 1808 títí di ọdún 1860 sí 1870, àwọn ọkọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mú nǹkan bí 1,600 ọkọ̀ akẹ́rú, nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni wọ́n sì gbà sílẹ̀. Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, ní 1822. Ẹ̀rí pàtàkì nìyí pé ọkọ̀ ogun lè ṣe ohun rere tí ìwàásù àti àdéhùn lásán kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ náà kan náà ló rọ̀jò àgbá lé Èkó, ààbò òwò ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún ìjọba amúnisìn. Àwọn aráàlú Gẹ̀ẹ́sì tó ń fowó orí bọ́ àwọn ọkọ̀ náà lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba wọn ohun tí wọ́n ń ṣe ní Áfíríkà. Wọ́n sì béèrè, nítorí àwọn kan nínú ilé aṣòfin wọn fẹ́ kí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà wálé. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ tàbí Máhìn kò ní ilé aṣòfin kankan tó lè gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ Ìlàjẹ gan-an ni ọdún 1885. Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, ti ń jà láti 1877. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló wà lórí ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí Èkó, wọ́n ń ṣí i nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n sì ń tì í nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nílò ìbọn, àwọn oníṣòwò Èkó nílò epo àti èkùrọ́, nítorí náà ojú gbogbo wọn yí sí ọ̀nà ìlà-oòrùn tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó ti là ní 1872: láti Èkó gba ọ̀sà dé Atíjẹrẹ, láti ibẹ̀ dé Ayésàn, kí a tó fi ẹsẹ̀ rìn gba Òǹdó lọ sí òkè. Ẹ wo bí ayé ṣe yí: etíkun tí gbogbo ènìyàn ń kà sí ẹ̀yìn odi wá di ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé owó bodè, pàápàá lórí ọtí òyìnbó, ni ìjọba Èkó fi ń jẹun. Bí ẹrù bá lè gba ibòmíràn wọlé láì kọjá lójú kọ́sítọ́ọ̀mù Èkó, oníṣòwò á jèrè, ìjọba Èkó á sì pàdánù.

Ohun tí ilé òwò G. L. Gaiser láti Hamburg rí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ra epo àti èkùrọ́ l'Ékòó, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n ń san ní bodè. Ní oṣù Kìíní 1885, wọ́n bá Amapetu, ọba Máhìn, ṣe àdéhùn, wọ́n gba ilẹ̀ etíkun. Ní oṣù Kẹta, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì tó ń fi ọkọ̀ ogun Möwe káàkiri etíkun wa, kéde pé Máhìn ti bọ́ sábẹ́ ààbò Jámánì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ni ìpàdé Berlin parí, níbi tí àwọn òyìnbó ti jókòó pín Áfíríkà. Nachtigal kú sójú òkun ní oṣù Kẹrin, kò rí òpin iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fárígá, London àti Berlin jùmọ̀ sọ ọ́, Jámánì jọ̀wọ́ ohun tó ń gbà láàárín Èkó àti Rio del Rey kí ọwọ́ wọn lè tẹ Kamẹrúùnù dáadáa, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Máhìn ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín oṣù mẹ́wàá, etíkun kan náà ti wà lábẹ́ ọba tirẹ̀, lábẹ́ Jámánì àti lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ìbọn kan tó dún.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ọba tí òyìnbó tàn jẹ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà kí àwọn ará Jámánì wá dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì létíkun rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ èbúté tí kò sí lábẹ́ Èkó, ó fẹ́ ọkọ̀ ogun tí yóò dúró tì í, ó sì wá a lọ síbi tó wà. Ìṣirò òwò rẹ̀ pé. Ibi tó kù sí ni pé ọkọ̀ ogun ẹlòmíràn ló gbẹ́kẹ̀ lé, ẹni tó ni ọkọ̀ sì lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ nígbàkígbà láì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà létíkun. Amapetu kò sí ní London, kò sí ní Berlin. Bí a bá ń wá ìdí tí orílẹ̀-èdè tó ní òkun fi gbọ́dọ̀ ní ológun ojú omi tirẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ yá ti ẹlòmíràn lò, kò sí ibi tí mo mọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké bí etíkun Máhìn.

Ní sáà yẹn kan náà, àwọn aráàlú lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ti ológun ojú omi wọn lẹ́yìn. Ìwé Alfred Mahan, ọmọ Amẹ́ríkà, lórí agbára òkun nínú ìtàn, tó jáde ní 1890, ló rú wọn sókè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Navy League sílẹ̀ ní 1894, àwọn ará Jámánì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1898, Amẹ́ríkà ní 1902. Oníṣòwò, olùkọ́ àti akọ̀wé ló pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ológun. Ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòro láti lóye: orí òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ń gbà wọlé, bí ọ̀nà òkun bá dí, ebi ni. Síbẹ̀, n kò ní dábàá pé kí a ṣe bí wọ́n ṣe ṣe láìwẹ̀yìn wò. Ẹgbẹ́ Jámánì di ibi tí àwọn tó ń ta irin àti ìbọn ti ń rí èrè, ìdíje ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń lu ìlù fún sì wà lára ohun tó ti ayé débi ogun 1914. Ìtìlẹ́yìn aráàlú tí kò bá ìbéèrè rìn, àtẹ́wọ́ lásán ni, àtẹ́wọ́ a sì máa gbówó lọ.

Ológun ojú omi tiwa, inú iléeṣẹ́ òwò ló ti jáde wá. Iléeṣẹ́ Marine tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1887 ló ń wọn jíjìn omi, tó ń fi àmì sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, tó ń gbé lẹ́tà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1914 wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti Àríwá. Nígbà tí wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó èbúté sílẹ̀ ní 1955, iléeṣẹ́ náà pín: èbúté lọ lọ́tọ̀, odò ilẹ̀ lọ lọ́tọ̀, ní 1956 ni wọ́n wá dá ológun ojú omi sílẹ̀ láti inú èyí tó kù, òfin tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sì jáde ní 1958. Joseph Wey di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí rẹ̀ ní 1964. Kò pẹ́ sígbà náà tí ogun abẹ́lé dé. Àwọn ọkọ̀ náà ló dí òkun mọ́ Biafra, àwọn ló gbé àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Bonny ní oṣù Keje 1967, ìdènà yẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ebi pa àwọn ọmọdé ní ìhà kejì. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ẹni tó bá ń yin ológun ojú omi tí kò sọ èyí, kò tíì sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ogun ni epo rọ̀bì gba òkun. Owó epo náà ló ra Aradu, ọkọ̀ ogun ńlá tí wọ́n kàn ní Jámánì, tó wọṣẹ́ ní 1982. Ìpínlẹ̀ Òǹdó tilẹ̀ rí àwọn ọ̀gá ológun ojú omi, bíi Mike Akhigbe àti Bode George, tí wọ́n jẹ gómìnà láti Àkúrẹ́, níbi tí ariwo òkun kò dé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní 1998 ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí àwọn ará Ìlàjẹ fẹ́ràn ológun kọ́kọ́ kà. Àwọn ará etíkun ti ń ké fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀nà omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo là sínú òkun ń jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ odò wọn, ó ń pa ẹja inú omi aláìníyọ̀, ó ń pa igi, ó sì ń jẹ́ kí òkun máa jẹ ilẹ̀ abúlé wọn, Awóyè pẹ̀lú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti abúlé Ìlàjẹ lọ jókòó sórí pèpéle epo Parabe tó jẹ́ ti Chevron nínú òkun àti báàjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìfẹ̀hónúhàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní wọ́n há àwọn òṣìṣẹ́ òun mọ́. Ní ọjọ́ 28, ológun àti ọlọ́pàá dé, àwọn ológun ojú omi wà nínú wọn, hẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ epo náà háyà ló gbé wọn. Ọ̀dọ́ méjì kú, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé San Francisco. Ní oṣù Kejìlá 2008, àwọn aráàlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá Chevron láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2010. N kò ní tún ẹjọ́ náà dá níhìn-ín. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé nígbà tí ológun Nàìjíríà yára dé etíkun Ìlàjẹ lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ epo ló mú wọn wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ́ Àrògbò, wọ́n sun abúlé lórí omi, ènìyàn kú níhà méjèèjì, ìjà náà sì wọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí hẹlikópítà tó sáré bẹ́ẹ̀ lọ pa iná yẹn.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, yóò sá. Èyí ni àtakò tó wúwo jù sí ohun tí mo ń sọ: kí ló dé tí àwọn ènìyàn tí ìbọn ìjọba ti bà yóò fi máa pè fún ìbọn sí i lórí omi? Ìdáhùn mi ni pé òkun tí kò bá ní ọlọ́pàá, olè ló ń jọba níbẹ̀, ẹni tí kò lówó ni olè ojú omi sì ń kọ́kọ́ fìyà jẹ. Ní 2020, International Maritime Bureau, àjọ tó ń ka ìwà ajalèlókun káàkiri ayé, kà á pé nínú 135 atukọ̀ tí wọ́n jí gbé lórí òkun káàkiri ayé, 130 ló jẹ́ ní Òkun Gíní tiwa yìí. Ayé gbọ́ nípa àwọn yẹn nítorí pé ọkọ̀ ńlá ni wọ́n wà, tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti orílẹ̀-èdè tó ń béèrè wọn. Apẹja tí olè ojú omi bá já ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbà kò sí nínú ìṣirò kankan. Ẹ́ńjìnnì yẹn sì ni gbogbo dúkìá rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ apẹja máa ń tú kúrò nídìí ọkọ̀ lálẹ́ gbé wọlé, bí ẹní gbé ọmọ. Lẹ́yìn olè ni àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá, tirólà. Òfin ìpẹja òkun ti 1992 kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀, nítorí àwọn apẹja kékeré. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí lójú omi lóru, ta ni yóò wọn máìlì márùn-ún fún wọn? Òwúrọ̀ ni apẹja yóò mọ̀, nígbà tó bá rí i pé okùn ló kù nínú àwọ̀n rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ti rí i pé ológun ojú omi wa lè ṣiṣẹ́ náà. Àbádòfin tó lòdì sí ìwà ajalèlókun di òfin ní 2019. Kí ó tó di ìgbà náà, ó ṣòro láti fi ẹ̀sùn jíjalè lórí òkun kan ẹni tí wọ́n bá mú. Ní oṣù Karùn-ún 2020, àwọn olè gba Hailufeng 11, ọkọ̀ apẹja ti àwọn ará Ṣáínà, ní etíkun Côte d'Ivoire, wọ́n sì ń wà á bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ológun ojú omi Nàìjíríà lé e bá lójú agbami ní gúúsù Èkó, wọ́n gòkè sínú rẹ̀, wọ́n gba àwọn atukọ̀ tó wá láti Ṣáínà, Gánà àti Côte d'Ivoire sílẹ̀, wọ́n mú olè mẹ́wàá. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá. Ọdún yẹn náà ni ìjọba gbé ètò Deep Blue àti Falcon Eye jáde láti máa ṣọ́ òkun, nígbà tó sì di 2022, orúkọ Nàìjíríà ti kúrò lára ibi tí International Maritime Bureau ń pè ní ibùba ajalèlókun. Èmi rí ohun méjì nínú èyí. Ọ̀kan, owó tí a ná kò ṣòfò. Èkejì, ọkọ̀ apẹja ni wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbami yẹn. Bí a bá lè ṣe é fún apẹja Ṣáínà, kò sí ohun tó ní kí a má lè ṣe é fún ti Awóyè.

Àwọn mìíràn yóò ní òkun ló ń jẹ Awóyè, kì í ṣe olè, pé kí wọ́n fi owó ọkọ̀ ogun mọ odi dí òkun. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọkọ̀ ogun kan kò lè dá ìgbì dúró, ẹni tó bá sì fi ọ̀rọ̀ ààbò bo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń wó lọ, kò fẹ́ ire. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò jáde, àwọn ará ibẹ̀ sì ṣì ń sá fún omi. Ṣùgbọ́n owó tó ń mọ odi, láti orí òkun ló ti ń wá: epo tó ń jáde, owó bodè lórí ẹrù tó ń wọlé. Ọkọ̀ tó bá gbà pé omi wa léwu yóò san owó adójútòfò ogun, yóò sì bu owó náà lé orí ìrẹsì, àlìkámà àti mọ́tò tó kó wá. Ẹni tó ra búrẹ́dì l'Ókìtìpupa ń san nínú rẹ̀ láì mọ̀. Ti àwọn tó ní kí a gbé e fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, bí wọ́n ṣe gbé ṣíṣọ́ ọ̀pá epo fún wọn ní 2022, n kò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ sanwó fún yóò ṣọ́ ohun tí wọ́n sanwó lé lórí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sanwó kí wọ́n bá òun ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ edé.

Ibi tí aráàlú ti wúlò jù fún ológun ojú omi kò sí nínú orin ìyìn. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òkun lóde òní ń rí ọkọ̀ ńlá dáadáa, nítorí òfin àgbáyé mú un ní dandan fún ọkọ̀ tó tó 300 tọ́ọ̀nù tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè pé kí ó gbé ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tó wà. Olè kì í gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ pákó rẹ̀ kúrú, ó fara mọ́ omi, rédà kì í sábà rí i láàárín ìgbì. Ojú apẹja ló ń rí i. Apẹja ló mọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ti àdúgbò, ló mọ odò tí wọ́n ń sá wọ̀, ló mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti jinlẹ̀ láàárọ̀ tí omi yóò sì fà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ológun ojú omi ní ibùdó ní Ìgbókòdá, ṣùgbọ́n inú odò ni Ìgbókòdá wà, ó jìnnà sí ojú òkun. Láàárín ibùdó náà àti òkun ni Awóyè, Ayétòrò, Moluténìn àti àwọn abúlé yòókù jókòó sí. Bí wọ́n bá fọkàn tán ológun, wọn á pè é. Bí wọn kò bá fọkàn tán an, wọn á pa ẹnu mọ́, nítorí olè mọ ilé wọn, ológun kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò sì gbàgbé Parabe.

Láti oṣù Kẹjọ 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi sílẹ̀. Síbẹ̀, iye àgbá epo tí àwọn ológun ojú omi gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó ń jí i ni ìròyìn tí a máa ń gbọ́ jù. Ó dára. Kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ìlàjẹ ní Àbújá béèrè, nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìṣúná àwọn ológun ojú omi wá síwájú wọn, pé kí wọ́n máa kọ iye ẹ́ńjìnnì apẹja tí wọ́n gbà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àgbá epo náà lọ́dọọdún, àti iye tirólà tí wọ́n mú láàárín máìlì márùn-ún, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjà Ìgbókòdá. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ni kí wọ́n béèrè o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.